Irun Ojú Bàbá Mi

Ìyá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń fi wáàsì tún irun òkè ojú ṣe ní àdúgbò wa ní Ìdànrè. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, abẹ ni àwọn obìnrin fi ń fá tiwọn, tàbí kí wọ́n jókòó síwájú dígí, kí wọ́n máa fi ẹ̀mú fà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí omi yóò fi kún ojú wọn. Àkúrẹ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó máa ń fi orógùn gbá a lórí. Nígbà tó gba òmìnira, ó padà wá, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó gbé àga kan àti dígí kan sínú rẹ̀.

Ṣúgà, omi lásán àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi ń se wáàsì náà lórí sítóòfù, títí yóò fi pọ́n bí oyin tí yóò sì máa fà. Yóò ta pàúdà sí òkè ojú oníbàárà, yóò fi igi pẹlẹbẹ kan ra wáàsì gbígbóná sí ibi tí kò fẹ́, yóò tẹ àkísà tó mọ́ lé e lórí, yóò fi àtàńpàkò fa awọ le, yóò sì já a lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya. Bí oníbàárà bá ké, ìyá mi kì í bẹ̀ ẹ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹwà kì í ṣe ti ojo."

Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká. Àwọn ìyàwó tuntun ń ti Ọ̀wẹ̀nà wá. Àwọn ìyá ìjọ wa, àwọn tó ń wọ sùtánà funfun lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n sì ń wàásù pé ẹni tó bá ń yọ irun ojú ń tún iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé, lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí ọ̀nà bá dá.

Èmi nìkan ni ọmọ tó bí. Irun ojú tèmi pọ̀. Ó dúdú, ó nípọn, ó sì pàdé lókè imú, bí ẹni pé wọ́n fi èédú fa ìlà kan ṣoṣo láti ẹ̀bá etí kan dé ẹ̀bá èkejì. Ti ìyá mi fẹ́lẹ́, kò tó nǹkan rárá. Àwọn tó bá rí àwa méjèèjì máa ń béèrè ibi tí mo ti rí tèmi. Ìyá mi kì í dáhùn. Mo mọ̀ pé mo ní bàbá, mo sì mọ̀ pé inú ìlú kan náà ló wà, pé ó níyàwó, pé ó ní ilé àti oko kòkó. Ẹnu àwọn tó ń jókòó retí wáàsì ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá mi kò dárúkọ rẹ̀ rí nílé wa. Èmi náà kò béèrè, torí mo ti rí i pé ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nípa irun ojú mi, oúnjẹ mi kì í kún àwo.

Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tó rán mi lọ ra ṣúgà. Àkókò kòkó ni, wọ́n ti sá kòkó sí ẹ̀gbẹ́ títì lórí rọ́bà, òórùn rẹ̀ kan ní gbogbo ọ̀nà. Ọkùnrin kan gun alùpùpù kọjá lára mi, ó dúró, ó sì yí padà.

"Ta ni ìyá ẹ?"

Mo sọ fún un pé ìyá mi ni oníwáàsì. Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó fi nu òógùn. Ìgbà yẹn ni mo rí ojú rẹ̀ dáadáa. Irun tèmi ló wà lójú rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo náà, èédú kan náà. Mi ò tíì rí i lójú ẹlòmíràn rí. Mo ti rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run fi bẹ́ẹ̀ dá.

Ó na ìka kan, ó fi tọ́ ibi tí irun náà ti pàdé láàárín, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò jáde dáadáa. Ó ra bisikíìtì fún mi lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní kí n máa kàwé mi, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Mo sáré délé. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti ra ṣúgà. Ìyá mi ń ṣe oníbàárà kan lọ́wọ́. Mo sọ ohun gbogbo fún un níwájú obìnrin náà: alùpùpù, fìlà, bisikíìtì, ìka. Mo ní, "Màmá, irun ojú rẹ̀ dà bíi tèmi gẹ́lẹ́."

Ìyá mi parí iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ó fi fásilíìnì pa ojú obìnrin náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó gba bisikíìtì lọ́wọ́ mi, ó jù ú sí adìẹ. Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi pé, "Jókòó."

Bí ó bá fẹ́ ṣe àwọn oníbàárà, ó máa ń kọ́kọ́ kán wáàsì sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ láti mọ bó ṣe gbóná tó. Lọ́jọ́ yẹn kò dán an wò. Bó ṣe bọ́ sí awọ mi ni mo pariwo, ó sì fi ọwọ́ òsì di orí mi mọ́ ẹ̀yìn àga. Àárín ló kọ́kọ́ já. Lẹ́yìn ìyẹn ó gba òkè, ó gba ìsàlẹ̀, ó ń ra á, ó ń já a. Àwọn oníbàárà a máa fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Tèmi, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ yọ jáde níbi tí irun ti wà.

Ó gbé dígí fún mi kí n wò ó. Òun náà wò ó pẹ̀lú mi.

Ó ní, "Ó ti lọ."

Mo bi í pé, "Kí ló lọ, màmá?"

Ó ká àkísà tó ní irun mi lára, ó jù ú sínú iná.

Nílé ìwé, wọ́n sọ mí ní Ojú Ẹyin. Ọmọ tó bá fẹ́ wá ọ̀nà tuntun láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní ṣe wàhálà púpọ̀. Olùkọ́ wa pè mí síwájú, ó bi mí bóyá ara mi kò dá, ó sì ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn kí n má baà kó àrùn ran àwọn yòókù. Nígbà tí irun náà bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà, inú mi dùn, mo ń fi ìka wá a nínú òkùnkùn bí mo bá ti dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń wá a bí èmi náà ṣe ń wá a. Bó bá ti rí i pé ó ti dúdú díẹ̀, yóò fi ojú pè mí sí àga.

Bí ó ṣe rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Nígbà tó gba ọmọ iṣẹ́, ojú mi ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Yóò sọ fún wọn pé, "Ẹ má bẹ̀rù, èyí tilé ni. Bí ẹ bá bà á jẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà." Ọ̀kan nínú wọn, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, da wáàsì tó ń hó sí mi lókè ojú òsì. Awọ ibẹ̀ bó. Ìyá mi gbá ọmọbìnrin náà létí, ó sì bá a wí gidigidi nítorí wáàsì tó fi ṣòfò. Èmi ni mo lọ wá omi tútù fúnra mi.

Kí n tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, híhù ti sú irun náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, níhìn-ín, lọ́hùn-ún, láìlágbára. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pẹ́ńsùlù ojú yà á, ó sì mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé àwọn èèyàn ń yìn mí. Wọ́n á ní, "Ọmọ oníwáàsì, o ò ṣe ní dára."

Nígbà tí mo ríṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ọ̀wẹ̀nà, mo kó lọ síbẹ̀. Mi ò sí lábẹ́ òrùlé rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ mò ń padà wá jókòó sórí àga yẹn bí oṣù bá ti parí, kí ó bá mi yọ ìwọ̀nba tó hù. Kò fipá mú mi. Ohun tó fà á ni pé ìyá mi kì í gbá mi mọ́ra, kì í fọwọ́ kàn mí léjìká, kì í di irun fún mi. Orí àga yẹn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń kan ojú mi. Mo máa ń pa ojú dé kó tó dé orí èyí tó ń roni.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ìrìn àjò yẹn ni mo bọ́ sílẹ̀ nínú takisí ní gáréèjì tí mo rí pósítà òkú lára òpó iná. Fọ́tò bàbá mi ló wà lórí rẹ̀. Ó ti darúgbó díẹ̀ sí bí mo ṣe rí i lójú ọ̀nà nígbà yẹn, ewú ti wọ inú irun ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo náà ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti sùn nínú Olúwa, pé wọ́n máa sin ín lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń bi mí bóyá mò ń lọ. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo bá ìyá mi nídìí sítóòfù, ó ń ro wáàsì.

"Màmá, bàbá mi kú."

"Bàbá ta ni?"

"Bàbá mi. Mo rí pósítà rẹ̀ ní gáréèjì."

Ó fi igi gbé wáàsì sókè, ó wo bó ṣe ń fà. "Kò tíì jinná," ó sọ fún ara rẹ̀.

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ sílé wọn. Mo ní mi ò wá ilẹ̀, mi ò wá kòkó, ohun tí mo fẹ́ ni kí n dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù nígbà tí wọ́n bá ń bu yẹ̀pẹ̀ sórí pósí, kí n bu tèmi. Ọmọ ló ń ṣe é fún bàbá. Mo ní bí mo bá ti ṣe ìyẹn, mi ò ní dé ibẹ̀ mọ́ láyé.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n ń retí ẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ọmọ rẹ̀ ni mí."

"Mo ní oníbàárà," ni ó sọ.

Mo dá lọ. Ilé náà tóbi, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òkúta ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tó ń tẹ̀ lé e bọ̀. Wọ́n ti ń ta kánópì síwájú ilé. Ẹnì kan mú mi wọ pálọ̀. Ìyàwó olóògbé jókòó níbẹ̀ nínú aṣọ dúdú, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, àti bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ olórí ẹbí. Ní kọ̀rọ̀, lórí àpótí, ìyá arúgbó kan wà tó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni, bí mo ṣe wá mọ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo kí wọn kú àṣẹ̀yìndè, mo sì sọ ẹni tí mo jẹ́.

Ọmọbìnrin ilé náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó olóògbé kò rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ní kí n dìde kúrò nílẹ̀, ó ní kí wọ́n fún mi ní àga. Olùkọ́ ni òun náà, mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ tí èèyàn bá kú ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń pọ̀. Èmi kò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò bí ọmọ kan tí irun ojú rẹ̀ kò pàdé. Bàbá tirẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dìde, kó rí yín."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde síwájú mi. Mo wò wọ́n. Ojú mi ni mo ń wò, ojú tí mo ní kí wọ́n tó mú un lọ, lára àwọn mẹ́ta tí kò mọ̀ mí rí. Ọmọbìnrin yẹn kò yọ tirẹ̀ rárá. Ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, dúdú, nípọn, kò sì tijú.

Ìyá wọn bi mí pé, "Tìẹ dà?"

"Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀, mà. Ìyá mi ló yọ ọ́."

"Ìyá ẹ ló yọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Láti kékeré. Kò hù dáadáa mọ́."

"Èé ṣe tí ìyá á fi yọ irun ojú ọmọ kékeré?"

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nínú pálọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Ó ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ bu omi wá, kó mú tówẹ́ẹ̀lì funfun wá pẹ̀lú. Ó dìde, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó, ó fi ìka gbé àgbọ̀n mi sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù mí lójú. Kò nù ún pẹ̀lú ìbínú. Ó nù ún bí olùkọ́ ṣe ń nu bọ́ọ̀dù. Ó nu ọ̀tún, ó nu òsì, ó wo àpá wáàsì yẹn, ó tún nu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá a lójú. Nígbà tó parí, ó na tówẹ́ẹ̀lì náà sí olórí ẹbí. Pẹ́ńsùlù mi ti wà lára rẹ̀, ìlà méjì tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ó ní, "Bàbá, irun ojú tó gbé wá fún wa nìyí."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà fi fóònù rẹ̀ yà mí ní fọ́tò. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Olórí ẹbí kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá ló mọ bàbá ọmọ. Ẹ rán ọlọ́kadà lọ gbé ìyá rẹ̀ wá. Ohun tó bá sọ ni a máa gbà, kò sí ohun tó le níbẹ̀."

Mo sọ fún wọn pé kò ní wá. Ó dá mi lójú pé kò ní wá. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ojú òfìfo, gbogbo wọn ń wò mí, ìyá arúgbó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀.

Ìyá mi wá. Ó ti pààrọ̀ aṣọ, ó wọ àǹkárá tó fi máa ń lọ sí ìkórè, ó fi tìróò sójú. Ìlà irun ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, kí n má purọ́. Mo rò pé ó ti ronú sí i, pé ìyá ni ìyá ń jẹ́.

Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Olórí ẹbí ṣàlàyé fún un, ó sì bi í pé, "Ṣé olóògbé ló bí ọmọ yìí?"

Ìyá mi wo yàrá náà yí ká. Ó wo àwọn àga, ó wo fọ́tò ńlá tí wọ́n fi aṣọ dúdú yí ká, ó wo rọ́ọ̀gì tó wà níwájú tábìlì, ojú rẹ̀ sì pẹ́ lórí rọ́ọ̀gì yẹn. Kò wò mí.

Ó ní, "Mi ò mọ ọkọ yín."

Ìyàwó olóògbé ní, "Ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ yìí, èmi nìkan ni mo bí i."

Ìyàwó olóògbé mí kanlẹ̀. Ó wò mí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé àánú ti ń ṣe é díẹ̀, ìyẹn sì burú ju tówẹ́ẹ̀lì lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Ìyá mi ti jáde kí n tó dìde.

Ìyá arúgbó tó ń ṣa ẹ̀wà tẹ̀ lé mi dé ọ̀ọ̀dẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Èdè Ìdànrè ló fi bá mi sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní òun mọ̀ mí. Ó ní ìrìn mi, ohùn mi, bí mo ṣe kúnlẹ̀, ti àbúrò òun ni, kò sí irun ojú tó lè fi í pamọ́ fún òun. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ nínú ilé.

Ó wẹ̀yìn kó tó dáhùn. Ó ní ìyàwó àbúrò òun ló ń bọ́ òun. Ó ní kí n máa lọ, kí Ọlọ́run tọ́jú mi. Ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Ìyá mi ti wà lórí ọ̀kadà. Ó ní, "Gùn ún, oòrùn ti mú." Mo gùn ún sẹ́yìn rẹ̀. A dé ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ń dúró, ìyá mi ní kó padà wá tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo bi í pé, "Kí ni mo fi ṣe yín?"

Ó bọ́ gèlè, ó ká a. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ ohun tó rà lọ́jà. Ó ní bàbá òun wá láti apá Ọ̀ṣun, ó ń ṣe kòkó fún bàbá ọkùnrin yẹn. Ó ní ọkùnrin náà ṣèlérí láti fẹ́ òun, òun sì gbà á gbọ́, torí òun kéré. Nígbà tí oyún hàn, bàbá òun mú òun lọ sílé wọn, inú pálọ̀ yẹn. Ó ní òun kúnlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì títí orúnkún òun fi kú. Wọ́n pe ọkùnrin náà jáde láti inú yàrá. Ó dúró síbẹ̀, ó wo òun, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò mọ ọmọbìnrin yìí rí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ní kí bàbá òun kó ẹrù rẹ̀ kúrò lóko. Nígbà tí bàbá òun ń padà sílùú wọn, kò mú òun dání. Bàbá rẹ̀ sọ pé òun kò lè gbé ikùn wọlé.

Ìyá mi ní, "Kò mọ̀ mí. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. A ti dọ́gba."

"Èmi ńkọ́, màmá?"

Ó wò mí nígbà náà, ó wo ojú mi tí wọ́n ti nù mọ́. Ó ní, "Ìwọ lọ kúnlẹ̀ síbi tí mo kúnlẹ̀ sí. O ti wá mọ bó ṣe ń rí."

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tan sítóòfù.

Mo lọ síbi ìsìnkú náà, ṣùgbọ́n mi ò wọlé. Mo dúró sí òdìkejì ọ̀nà, láàárín àwọn tó kàn wá wòran. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí. Mo rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe tò, tí olúkúlùkù bu yẹ̀pẹ̀ tirẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dì í mú. Mo rò pé ó yẹ kí n máa sunkún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ra bisikíìtì fún mi lẹ́ẹ̀kan ni, mi ò sì mọ ohun tí èèyàn ń fi sunkún ìyẹn. Nígbà tí wọ́n jáde wá sójú ọ̀nà láti ya fọ́tò, mo ti sún mọ́ wọn láìmọ̀. Ayàwòrán na ọwọ́ sí mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ti ẹbí nìkan la fẹ́ yà."

Mo sún.

Mo kúrò ní Ọ̀wẹ̀nà kí ọdún náà tó parí. Mo ríṣẹ́ sí ilé ìwé kan ní Ọ̀fọ̀sù, létí títì márosẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin ti ń sáré kọjá lójoojúmọ́, tí kò sẹ́ni tó mọ ìyá mi tàbí ẹbí yẹn. Mo pa pẹ́ńsùlù tì. Mi ò jẹ́ kí wáàsì kàn mí mọ́. Mo fi àdí àgbọn pa á, mo fi epo oríṣiríṣi pa á, mo ń dúró dè é. Ó hù díẹ̀. Ó hù bí koríko ṣe ń hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti sun lásunjù, ìdí kan níhìn-ín, ìdí kan lọ́hùn-ún. Ibi tí wáàsì ti bó mi kò hu nǹkan kan. Àárín, lókè imú, níbi tí ọkùnrin yẹn ti fi ìka tọ́ mi, kò hu nǹkan kan pẹ̀lú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bi mí bóyá iná ló jó mi. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ṣì ń lọ wo ìyá mi. Ta ni màá tún lọ wò. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Ní ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù kún, ọjọ́ ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ ohùn mi, ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó gbé ọwọ́ sójú mi, ó fi àtàńpàkò méjèèjì wá òkè ojú mi, díẹ̀díẹ̀, láti imú lọ sí etí. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Mo pa ojú dé.

Ó ní, "O ti jẹ́ kó hù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó tún wá a lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò pé ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wáàsì ti jinná. Jókòó, kí n tètè bá ẹ yọ ọ́ kí àwọn èèyàn wọ̀nyí tó máa rojọ́."

Mo wo àga náà. Àwọn oníbàárà ń wò mí.

"Rárá, màmá."

Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú mi, ó sì fi àkísà nu ún, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kúrò lọ́nà fún ẹni tó fẹ́."

Mo gbé báàgì mi. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi gbọ́ tó ń pe ẹni tó kàn, ohùn rẹ̀ dùn, ó ń bi í bóyá tẹ́ẹ́rẹ́ ló fẹ́ tàbí èyí tó nípọn díẹ̀.